Àmín Tí Kò Ní Àdúrà

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, nítorí náà n kò ní búra. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń to pákó ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì nígbà náà, bó bá ṣì rí ẹnì kan nínú wọn tí kò tíì gbàgbé. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ojoojúmọ́ ló ń kú. Ó lè kú ní Fájuyì láàárọ̀, kó tún kú ní Ìyìn lọ́sàn-án, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á tún yà kú díẹ̀ lọ́nà Ìkẹ́rẹ́ kó tó wálé wá jẹ iyán. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, Bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè é. Òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ inṣọ́ránsì, èyí tí àwọn oníròyìn ń pè ní adójútòfò, iṣẹ́ tí mo ti ń fi jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ mi títí ewú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí mi.

Bí ẹ bá sì rí i tí mo ń pe àgbàlagbà ní "ó", ẹ má pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Èkìtì ni mí. Nílé tiwa, ẹnì kan ṣoṣo kì í di èèyàn púpọ̀ nítorí pé irun rẹ̀ funfun.

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé e jáde. Àwọn ṣójà ṣì ń ṣèjọba, wọ́n ń sọ lórí rédíò pé àwọn ò ní pẹ́ gbé e fún alágbádá. Adó-Èkìtì kò tíì di olú-ìlú, Àkúrẹ́ ni à ń sáré lọ bí a bá fẹ́ ìwé tó nípọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé girama, ìyá mi sì fẹ́ kí n lọ ṣe tíṣà bíi ti gbogbo ayé, nítorí pé ní Èkìtì ìgbà náà, bí o bá ju òkò sí igi ọsàn, tí ọsàn ò bá bọ́, tíṣà ló máa bọ́. Bọ̀ọ̀dá náà ti ṣe tíṣà rí. Ó fi ẹfun sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì kan tó háyà yàrá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Fájuyì, ó ra àlòkù ọkọ̀ ìjàpá kan, ó sì ń káàkiri. Nígbà tó ní òun fẹ́ ọmọbìnrin tó mọ̀wé tí yóò máa bá òun jáde, èmi ni mo kọ́kọ́ nàwọ́. Bàtà gogoro ló wà lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé báàgì awọ kọ́ èjìká, kò sì sí nǹkan kan nínú báàgì náà bí kò ṣe díńgí àti gúgúrú. Mo rìn la ìlú kọjá bí ẹni pé èmi ni mo ni gbogbo òfò ayé, tí mo ń wá ẹni tí n ó pín in fún. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyá mi ń bi í pé ọkùnrin wo ló máa fẹ́ ọmọ tí ń ta ikú kiri.

Ohun tí àwọn aṣojú inṣọ́ránsì tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá kò mọ̀ ni pé, níbi tiwa, a kì í sọ fún èèyàn pé "bí o bá kú". Bó ti wù kí ìwé rẹ dán tó. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ fún ìyá aláṣọ kan ní Ìfàkì. Ìyá náà ò bá a jà, ó kàn wọlé lọ gbé ọmọ odó. Bọ̀ọ̀dá ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ara rẹ̀ ló máa ń gbé ikú lé. Yóò jókòó, yóò kí wọn kí wọn, yóò béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò wá fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, yóò ní, "Ká wí pé ilẹ̀ ọ̀la mọ́, tí wọn ò bá èmi mọ́." Kíá ni onílé yóò ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bọ̀ọ̀dá yóò ní, "Àmín." Ẹnu àmín yẹn ló máa ń gbà wọlé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí òun bí, ta ni yóò rán wọn lọ sílé-ìwé? Kí onílé tó mọ̀, àwọn ọmọ tirẹ̀ ló ti ń rò. Kò sẹ́ni tó ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ikú ti wá, ó ti jókòó, wọ́n ti ṣe é lálejò, ó sì ti lọ.

Òfin kan ló fún mi: n kò gbọdọ̀ dáhùn. Ẹni tí a wá bá ló gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bí ẹlòmíràn bá gbà á sọ, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Ó sì máa ń yangàn fún mi nínú ọkọ̀ pé kò sí bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń gbàdúrà fún tó òun, pé lójoojúmọ́ ni àwọn tí kò mọ òun rí ń bá òun bẹ Ọlọ́run kí òun má kú, òun kì í sì í fún wọn ní kọ́bọ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń gbèrò ní Fájuyì sọ ọ́ ní Àkúdàáyà. Bí ìjàpá rẹ̀ bá ti yọ, wọn yóò ní, "Àkúdàáyà, ibo lo kú sí lónìí?" Yóò yọrí lójú fèrèsé, yóò ní, "Ìgèdè ni. Wọ́n tún fún mi ní ẹran ìgbẹ́ pé kí n fi jẹ̀kọ dé ọ̀run."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í rẹ́rìn-ín. Ìyá tó bí i ni, ìyá-ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Àbíkú ni Bọ̀ọ̀dá. Àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ wá, wọ́n wo ojú Yèyé, wọ́n padà. Òun ló dúró, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ ẹ̀bẹ̀, irú èyí tí a fi ń bẹ ọmọ kó má lọ mọ́. Yèyé ti ṣèrìbọmi, wọ́n ti fi joyè Ìyá Ìjọ, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó bá ti wọ inú ìyá kì í gba ìrìbọmi. Títí Bọ̀ọ̀dá fi fẹ́ ìyàwó, Yèyé ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ "ó dàbọ̀" fún un nílé wa. "Tètè dé" ni ká máa wí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló wá dàgbà tán, tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú káàkiri ìlú, tí wọ́n tún ń sanwó oṣù fún un lé e lórí. "Uṣẹ́ kí lèyí?" ni Yèyé máa ń wí. "Ta iyọ̀. Ta ìṣó. Ta ohun tó ṣeé gbé sórí àtẹ." Bọ̀ọ̀dá yóò ní iyọ̀ máa ń yọ́. Èmi a bú sẹ́rìn-ín, torí mo ti kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí nílé-ìwé, mo mọ ohun tó ń pa ọmọ ọwọ́. Lójú tèmi nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè pa adìyẹ.

Bàbá Onípákó ní Adébáyọ̀ ló gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ mi. Adébáyọ̀ ò tíì kún bó ti kún lónìí yìí. Ibẹ̀ ni Bàbá kó ẹ̀rọ ìlagi rẹ̀ sí, ìró rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ kí o tó rí ilé. Èèyàn gíga ni, ó lágbára, ó bímọ púpọ̀, Bọ̀ọ̀dá sì ti kọ́ mélòó kan nínú àwọn ọmọ náà ní ilé-ìwé, Tíṣà ni Bàbá ṣì ń pè é. Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ni Bọ̀ọ̀dá ti ń kú níwájú rẹ̀, ìwé ò kúrò lójú kan. Bàbá ní ẹni tó bá kọ orúkọ ẹni tí yóò jogún ikú òun sílẹ̀ ti júwe ọ̀nà fún apani. Ó ní bí òun bá kọ orúkọ ìyàwó òun síbẹ̀, ọbẹ̀ wo ni òun yóò tún jẹ tí ọkàn òun yóò balẹ̀? Ẹlòmíràn ì bá ti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ayùn ńlá inú ọgbà yẹn ti gé ọkùnrin kan lọ́wọ́ rí, Bọ̀ọ̀dá sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò gbàgbé. Ó ní òun ò lè máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ yẹn kí òun má ro àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, a bá Bàbá níbi tó ti ń fi ẹfun fa ìlà sára ìrókò kan. Inú rẹ̀ ò dùn. Ìṣó kan tó sá pamọ́ sínú igi ti ká ayùn rẹ̀ léyín láàárọ̀. Ó yẹ kí a kí i ká máa lọ. Àmọ́ Bọ̀ọ̀dá ń lọ sí Àkúrẹ́ lọ rí àwọn ọ̀gá ní ọjọ́ kejì, ó fẹ́ mú orúkọ Bàbá dání. Ó kí i kí i, ó béèrè àwọn ọmọ. Ó fọwọ́ kan àyà.

"Bàbá, ká wí pé ilẹ̀ ọ̀la mọ́, tí wọn ò bá èmi mọ́."

Bàbá gbójú sókè. Ó wò ó láti orí dé bàtà bí ẹni ń wo igi tó fẹ́ là. Kò sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kò sọ nǹkan kan rárá. Ó tún tẹ̀ ba, ó ń fa ìlà rẹ̀ lọ. Ohun tí ẹnu bá ti mọ́ lára kì í sì í dúró de ọpọlọ. Bọ̀ọ̀dá ní, "Àmín."

Ẹ jẹ́ kí n rọra tún un sọ kó lè yé yín. Ó sọ pé kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ kí wọ́n má bá òun mọ́; kò sẹ́ni tó bá a kọ̀ ọ́; òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àmín sí i. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ẹnu tirẹ̀ ló sì fi gbà á. Àwọn tó ń to pákó dáwọ́ dúró. Ọ̀kan sọ pákó èjìká rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo fẹ́ pariwo pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n mo rántí òfin. Ẹfun dúró lójú kan lọ́wọ́ Bàbá. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà jáde, kò ríbi jókòó, ó padà sínú. Ó kó ìwé rẹ̀, ó ní a ó tún padà wá.

"Báwo lo ṣe máa wá?" ni Bàbá dá a lóhùn, láì wo ojú rẹ̀. "Ìwọ lo ní o ò ní sí mọ́."

Nínú ọkọ̀, n kò lè wo ojú Bọ̀ọ̀dá, àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ni mò ń wò. Lójú mi, kò sí lọ́rì kan tó ń rìn ní apá ọ̀nà tirẹ̀. Gbogbo wọn ló ń wá wa. Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ó ní ó kéré tán òun ti mọ̀ pé òun lè ṣe àmín láìsí àlùfáà. N kò rẹ́rìn-ín, òun náà ò sì parí rẹ̀. Nígbà tí a dé Fájuyì, àwọn awakọ̀ na ọwọ́ sókè gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn: "Àkúdàáyà, ibo lo kú sí lónìí?" Ó tẹ ọkọ̀ kọjá láì dá wọn lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wa délé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń to pákó ń gbé ní àdúgbò wa, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì yá ju ìjàpá lọ. Yèyé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò wé gèlè.

"Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Yèyé, àṣìsọ ni."

"Mi ò bi ọ́ bóyá àṣìsọ ni. Mo ní, ṣé o ṣe àmín?"

"Mo ṣe é."

Ó yíjú sí mi, ó ní ṣé wọ́n rán mi lẹ́nu ni. Mo ní òfin iṣẹ́ ni. Ó ní ẹni tó ṣe òfin yẹn ò tíì bímọ rí. Ó pe gbogbo ilé jọ, a kúnlẹ̀, a sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ títí ẹnu fi ń ro wá, síbẹ̀ ara Yèyé ò lélẹ̀. Ó ní ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ fún ló ń dáhùn rẹ̀. Tiwa yìí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ló ń gbà kọjá. Ó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ bá Bàbá Onípákó ní ìrọ̀lẹ́ náà. Bọ̀ọ̀dá ò gbà, ó ní a kì í lọ fi tipátipá gba àdúrà lọ́wọ́ oníbàárà. Yèyé ní kó má lọ sí Àkúrẹ́ mọ́ nígbà náà. Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ọ̀gá ń retí òun. Yèyé wọ yàrá ọmọ rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lórí tábìlì, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó ta á ní kókó, ó tún ta kókó lé kókó.

"Bí o bá fẹ́ lọ Àkúrẹ́," ló wí, "wá kọ́kọ́ tú mi."

Bọ̀ọ̀dá tó jẹ́ pé bó bá kú káàkiri ìlú tán, òkèlè rẹ̀ ló máa ń tóbi jù nílé, kò lè jẹ iyán rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń yí òkèlè kan ṣoṣo nínú ọbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù. Bí mo ti rí òkèlè yẹn, gbogbo kòkòrò àìfojúrí tí mo kọ́ nílé-ìwé fi mí sílẹ̀, kò ku ọ̀kan. Nígbà tí mo wá kó àwo, ó fohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. "Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe àmín yẹn. Bàbá ò ní lè sùn. Èmi ló yẹ kí n máa ru ẹrù yìí, mo sì ti lọ sọ ọ́ kalẹ̀ sí i lọ́rùn." Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á tó ń fi ọ̀rọ̀ Bàbá bojú.

Èmi náà ti di àgbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí báyìí. Mo ti kú ní Ìlawẹ̀, mo ti kú ní Ìkọ̀lé, mo ti kú ní Ìjerò tí wọ́n fi gbé ìjókòó fún mi kí n lè kú dáadáa. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn mi, ìwé wọn dán ju tiwa lọ, ọ̀rọ̀ wọn sì yá. Mo máa ń sọ fún wọn pé kì í ṣe ìwé ni à ń tà. À ń wá ẹni tó máa gbọ́ pé ẹlòmíràn fẹ́ ṣubú, tó máa sọ pé rárá. Wọn a ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí n kì í sọ fún wọn ni pé títí dòní, bí mo bá fọwọ́ kan àyà, tí ẹni iwájú mi bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, òógùn á bo ọrùn mi. Mo ti kọ́ ahọ́n mi kó máa dúró de àdúrà kó tó ṣe àmín. Ibi tí ẹ̀rù náà sì ti wọ̀ mí lára ni òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ojú ò tíì mọ́ tán. Mo ń gbá iwájú ilé, ìjàpá wà níbi tó wà, ìrì bò ó. Yèyé jáde, ó fọwọ́ kan kókó etí ìró rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Ó lọ kan ilẹ̀kùn Bọ̀ọ̀dá, ilẹ̀kùn ṣí. Kò sẹ́nì kan lórí ibùsùn. Wọ́n ti ká aṣọ ìbora létí-létí bí ìgbà tí onílé bá ń rìnrìn àjò. Báàgì iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ ní òun rò pé ó wà lẹ́yìnkùlé ni. Kò sí lẹ́yìnkùlé. Yèyé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di kókó náà mú, ó ń pe orúkọ ẹ̀bẹ̀ tó sọ ọmọ rẹ̀, ó ń pè é jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́.

Bí a ti wà nìyẹn tí Bàbá Onípákó fi yọ lójú títì. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Adébáyọ̀, aṣọ ìbora ló fi bora, ìyẹ̀fun igi àná ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà dà? Ẹ jí i fún mi." Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó wo Yèyé nílẹ̀. Ọkùnrin gíga náà jókòó sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

"Ṣé ìwọ lo gbọ́ ọ, tí o ò dáhùn?" ni Yèyé bi í.

"Èmi ni. Inú ló bí mi."

"Dá a lóhùn báyìí."

"Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí, Yèyé, kí n tó dáhùn."

A gbọ́ ìró sálúbàtà lẹ́yìn ilé. Bọ̀ọ̀dá yọ láti ọ̀nà odò, ìrì ti rin ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ọ̀nà àbùjá inú igbó ló gbà lọ sí Adébáyọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí, kí Bàbá lè lajú rí i láàyè. Ìyàwó Bàbá ní ọkọ òun ti jáde. Ọ̀kan gba igbó, ọ̀kan gba títì, wọ́n sì kọjá ara wọn nínú òkùnkùn. Bàbá dìde. Ó dì í mú ní èjìká méjèèjì, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ó tún un wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi ṣí fèrèsé.

Bọ̀ọ̀dá la ẹnu. Ẹnu tó ti ṣe àmín káàkiri Èkìtì, ohùn ò jáde níbẹ̀. Omi ló ń bọ́ lójú rẹ̀. Yèyé ló ṣe é fún un láti ibi tó jókòó sí, èmi náà bá a ṣe é, òfin ò rántí mi. Lẹ́yìn náà ni Yèyé ń tú kókó, kókó ò tú, ó fi eyín sí i.

"Gbé ìwé ọ̀hún wá," ni Bàbá wí. "Kọ orúkọ ìyàwó mi síbẹ̀. Obìnrin tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti àná nítorí ọmọ ọlọ́mọ, kò ní pa mí. Ṣùgbọ́n má ṣàlàyé nǹkan kan fún mi mọ́."

Bọ̀ọ̀dá fọwọ́ kan àyà bó ti máa ń ṣe. Gbogbo wa wò ó. Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó wọlé lọ mú báàgì rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó ta ìwé láì kú nìyẹn.